Ọmọ Oníjáńgílófà: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí àti Ìdáhùn Mi

Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí ní 1995, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Àmọ́ bí ẹ bá bi mí pé ibo ni mo ti gbọ́njú, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni màá sọ. Bàbá mi ló ni jáńgílófà tí wọ́n ń gbé kiri nígbà ọdún, ìyá mi ló ń ta gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa ọmọ mẹ́rin sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹnikẹ́ni tí mo bá ti sọ ọ́ fún, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí. Mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnu mi lè sinmi.

Jáńgílófà wo lẹ ní gan-an? Ṣé ti okùn tí wọ́n ń so mọ́ igi ni?

Ti okùn wà níbẹ̀, méjì ni, àwọn ọmọ kéékèèké la ṣe é fún. Èyí tó ń mówó wọlé ni méjì tó kù. À ń pe àkọ́kọ́ ní Àgbá. Òpó irin méjì la rì mọ́lẹ̀, ọ̀pá kan dábùú láàárín wọn, àpótí mẹ́rin rọ̀ mọ́ apá mẹ́rin, tí á máa gbé ọmọ lọ sókè, á tún máa gbé wọn bọ̀ wálẹ̀. Ọwọ́ la fi ń yí i. Èkejì ni Ẹṣin: ìjókòó mẹ́jọ tó ń yí òpó kan po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Mẹ́ta nínú ìjókòó yẹn ní orí ẹṣin tí káfíńtà kan ní Òkè Àpómù gbẹ́. Márùn-ún tó kù jẹ́ àga lásán, torí pé owó tán kí káfíńtà tó dé orí wọn. Kò sí ọmọ tó fẹ́ jókòó sórí àga. Ìjà orí ẹṣin mẹ́ta yẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ láyé mi: èmi ni mò ń pín in.

Àwọn Hausa ń pe jáńgílófà ní lilo. Èyí tó ga fíofío tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tó jọ Àgbá wa, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ọ tóbi bẹ́ẹ̀, ní Chicago, ní 1893. George Ferris lorúkọ ẹni tó kọ́ ọ, àpótí 36 ló ní, gíga rẹ̀ sì tó mítà 80. Tiwa kò ga ju òrùlé ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, tó o wà lókè lọ́jọ́ Iléyá, tí ò ń wo àtàrí gbogbo àgbàlagbà tó wà nílẹ̀, ó ti ga tó.

Ṣé ẹ ò nílé ni?

A nílé. Ní Ìlọrin, agboolé ni wọ́n fi ń bi ọ́ kí wọ́n tó bi ọ́ lórúkọ, agboolé tiwa sì wà níbẹ̀ títí dòní. Bí a bá ka ọjọ́ tí a fi ń wà níta pọ̀ lọ́dún, ó lè tó oṣù márùn-ún, ṣùgbọ́n kì í tò léra. Ọ̀sẹ̀ kan níbí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́hùn-ún, a ó sì padà sílé láti fọ aṣọ. Láàárín òjò, bàbá mi máa ń kun irin, á máa pààrọ̀ bóòtì, á sì lọ sóko bíi gbogbo èèyàn.

Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí ẹ máa lọ, àti ìgbà tí ẹ máa lọ?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn.

Kàlẹ́ńdà mẹ́ta ló wà lórí bàbá mi, kò sì kọ ọ̀kankan sílẹ̀.

Ti òyìnbó ló rọrùn jù. 27 May ni ọjọ́ àwọn ọmọdé, wọn kì í lọ síléèwé, owó á sì wà lápò wọn. (Bàbá mi fẹ́ràn àtimáa sọ pé ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, 27 May 1967, àfi bíi pé torí jáńgílófà ni ìjọba ṣe mú ọjọ́ náà.) October 1 náà ń mú díẹ̀ wá. Láti ọjọ́ Kérésì títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹta oṣù January, ìhà gúúsù Kwara la máa ń wà: Ọ̀fà, Òró, Ọmù-Àrán, Ìgbàjà. Àsìkò yẹn làwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti Kàdúná ń wálé, tí wọ́n ń kó ọmọ wá kí bàbá àgbà. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọmọ tó ti inú tẹlifíṣọ̀n wá kò mọ ohun tó máa fi ara rẹ̀ ṣe mọ́. Ibẹ̀ la ti ń wọlé. Nínú ilé Ìgbómìnà kan náà lẹ ó sì ti bá Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, torí náà kò sí ọdún tí wọn kì í ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta la lè padà sí ìlú kan ṣoṣo lọ́dún.

Kàlẹ́ńdà kejì ni ti òṣùpá. Oṣù òṣùpá méjìlá kò kún ọdún òyìnbó, ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ló fi dín. Ìdí nìyẹn tí Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá fi ń yára dé ju ti èṣí lọ, tó sì ń gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí wọ́n tó yí ká padà. Ẹlòmíràn lè má kà á sí nǹkan kan. Nílé wa, òun ló ń pinnu bóyá a ó ra aṣọ. Ní 2006, ẹ̀ẹ̀mejì ni Iléyá bọ́ sínú ọdún òyìnbó kan: ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ January, ọ̀kan ní ìparí December, ó ku ọ̀la ọ̀túnla kí ọdún tuntun wọlé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. A ṣe Kérésì ní Òró, a tú Àgbá lálẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, a gba Àjàṣẹ́-Ìpo wọ Ìlọrin, a sì ti rì í mọ́lẹ̀ kí àwọn èèyàn tó ti Yídì bọ̀. Owó ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá mi fi ra J5 tó gbé wa kiri títí mo fi parí iléèwé gíga. Bí òṣùpá ṣe ń rìn, ó tún di 2039 kí irú ọdún bẹ́ẹ̀ tó dé.

Òṣùpá sì lè fi èèyàn ṣẹ̀sín. Ní òru ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, gbogbo irin á ti wà nínú ọkọ̀, okùn á ti le, àwa ọmọ á ti jókòó sórí tàpólì, a ó wá máa retí kí rédíò sọ ohun tí Súlútáànù Ṣókótó wí. Bí wọ́n bá ní wọ́n rí oṣù, bàbá mi á ṣáná sí ọkọ̀ kí oníròyìn tó parí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní ó di ọ̀túnla, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. A ó kàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn.

Ọjà ọrún ni kẹta, fún ìgbà tí kò bá sí ọdún rárá. Ẹ mọ̀ pé bí Yorùbá bá ń ka ọjà, ọjọ́ tí a wà náà wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ọrún tó sì jẹ́ pé ọjọ́ kẹrin sí òní ló ń padà. Ọ̀sẹ̀ òyìnbó sì jẹ́ méje. Nítorí náà, bí ọjà ìlú kan bá bọ́ sí Sátidé, ó di ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kó tó tún bọ́ sí Sátidé. Sátidé ọlọ́jà yẹn la máa ń wá, torí pé ìyá á wà lọ́jà, ọmọ kò sì ní sí níléèwé. Ọmọ ọdún méje ni mí tí mo ti ń ṣe ìṣirò yìí lórí ìka fún ìlú mẹ́fà. Nígbà tí olùkọ́ ìṣirò wá dé ọ̀rọ̀ yìí níléèwé, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ló ń sọ.

Iṣẹ́ wo ni ọmọdé ń ṣe níbẹ̀?

Mo ti sọ ti pípín ẹṣin. Gbígba owó náà wà níbẹ̀. Ìyà ni owó ọwọ́ ọmọdé lọ́jọ́ ọdún: á ti lẹ́ mọ́ àkàrà, á ti rin fún òógùn, á ti ká di bí ẹ̀pà. Nígbà tí ogún náírà onírọ́bà jáde ní 2007, ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹni tó bímọ. Iṣẹ́ bàtà tún wà. Ẹ kò lè mọ iye bàtà ọdún tó ń já bọ́ láti orí Àgbá! Wọ́n máa ń ra bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ kó lè lò ó dé èṣí, ó sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ lókè. Àbúrò mi ló ń ṣa á, á tò wọ́n sábẹ́ tábìlì gúgúrú, ní méjì méjì. Lálẹ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo á ṣẹ́kù tí ẹnì kankan kò wá bèèrè.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù ni dídiwọ̀n. Àgbá kò ní ẹ́ńjìnnì. Bí àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wúwo bákan náà, ọmọkùnrin kan lè yí i pẹ̀lú ọwọ́ kan. Bí ẹ bá kó ọmọ lé àpótí kan tí èyí tó kọjú sí i sì ṣófo, èyí tó wúwo á já wálẹ̀, ẹni tó ń tì í kò sì ní lè dá a dúró. Torí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo ọmọ kó sì mọ̀ bó ṣe wúwo tó kó tó gbé e sókè. Èmi ni. Ojú kì í sọ òótọ́: ọmọ tó ga lè fúyẹ́, aṣọ ọdún sì ń mú kí gbogbo wọn rí bíi pé wọ́n sanra. Ohun tí mò ń ṣe ni pé màá di ọmọ náà mú lábẹ́ abíyá, màá ṣe bí ẹni fẹ́ gbé e, màá sì fi í sílẹ̀. Láàárín yẹn, ara mi ti mọ̀ ọ́n. “Ìwọ, àpótí kejì. Ẹ̀yin ìbejì, ẹ má jọ wọlé, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún.” Àwọn ìbejì kì í gbà. Títí di òní, bí mo bá di ọmọ èèyàn mú, mo lè sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún yín, kò ní ju kílò kan lọ tí màá fi ṣì í.

Iléèwé ńkọ́?

Iléèwé ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ìgbà tí mo wà ní pírámárì kẹta, iléèwé mẹ́ta ni mo jókòó sí láàárín ọdún kan. Olùkọ́ àkọ́kọ́ ń kọ́ wa ní ìdá, èkejì ti kọ́ ọ tán, ẹ̀kẹta kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìdá lẹ́ẹ̀kan àbọ̀, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka aago. Ní ọ̀kan nínú àwọn iléèwé yẹn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ọ̀gá wọn ní kí n dìde nínú yàrá ìdánwò torí pé orúkọ mi kò sí nínú rẹ́jísítà. Mo ti kọ ìbéèrè kejì tán. Ó gba ìwé náà, ó yí i dojú délẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ní kí n lọ bá bàbá mi nídìí jáńgílófà rẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì, méjìlá nínú wọn wá sanwó láti gun Àgbá, èmi ni mo sì gbé wọn sókè. Ẹ má bi mí bóyá mo di wọ́n mú dáadáa.

Òfin wà o. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ gbogbogbòò ti 2004 ní kí gbogbo ọmọ lọ síléèwé fún ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́fà ní pírámárì, mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdírì kékeré, láìsanwó, ó sì di ẹ̀bi òbí bí ọmọ kò bá lọ. Láti 1989 náà ni ìjọba ti dá àjọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ alárìnkiri, ṣùgbọ́n ọmọ darandaran àti ọmọ apẹja tó ń ṣí kiri ni wọ́n fi sọ́kàn. A ò da màlúù, a ò pa ẹja. Kò sẹ́ni tó ń ronú ọmọ oníjáńgílófà.

Ìyá bàbá mi ló bá wa tú u. Nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdírì, Màmá ní òun kò ní gbà, ó mú èmi àti àbúrò mi sọ́dọ̀ ní Ìlọrin, ó ní kí wọ́n máa wá mú wa nígbà họ́lídé nìkan. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa wo ọkọ̀ tó ń lọ.

Kéwú ńkọ́?

Kéwú bá ìrìn mu ju iléèwé lọ. Wàláà kan, ìgò tàdáwà kan, gègé kan, ó tán. Ìlú tí a bá dé, bàbá mi á wá Àáfà kan, á kúnlẹ̀ kí i, á ní ọmọ òun dé Súrà báyìí báyìí, Àáfà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ gan-an. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ́jísítà. Mo ṣe wòlímọ́tù mi ní Ìlọrin ní àkókò kan náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ní ti iléèwé, ọdún méjì ni mo fi pẹ́ lẹ́yìn wọn.

Ṣé òfin fàyè gba kí ọmọ máa ṣiṣẹ́ báyìí?

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Kwara náà ti sọ di tirẹ̀, ní kí ẹnikẹ́ni má gba ọmọ síṣẹ́, àyàfi iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, bíi ti oko tàbí ti inú ilé. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ gbé ohun tó wúwo débi tó lè pa á lára. Ó tún ní kí wọ́n má lo ọmọ fún ìpolówó ọjà lójú títì. Ẹ fi iyẹn wo ohun tí mo kọ sókè. Ṣíṣa bàtà, mo rò pé kò sí wàhálà. Gbígbé òpó irin pẹ̀lú bàbá mi ní òru, tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, òfin kò fàyè gbà á, kò sì yẹ kó fàyè gbà á. Mo fẹ́ràn bàbá mi. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin tó ni ín, ẹ máa ń gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, àbí?

Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dáhùn eléyìí. Ọmọ alákàrà mélòó lẹ rí tó ń jẹ àkàrà? Àpótí tí ọmọ onílé bá jókòó sí, owó kò wọlé níbẹ̀. Ìgbà tí à ń gùn ún ni ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó tán, kí a lè mọ̀ bóyá ó dúró dáadáa. Ẹ ronú sí i dáadáa. Àwa ni wọ́n fi ń dán an wò.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti fara pa rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún 2004, ní ìlú kan lójú ọ̀nà Ọmù-Àrán, bíárìn ọ̀pá àárín fọ́ nígbà tí ọmọ mẹ́fà wà lókè. Àgbá kò já o, ṣe ló há. Ọmọbìnrin kan tó wọ fìlà Kérésì wà ní òkè téńté, kò sunkún, ṣùgbọ́n ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀, gbogbo èèyàn sì mọ ohun tó jẹ́. Bàbá mi gun òpó lọ, ó gbé wọn wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n wá ń tú ọ̀pá náà ni irin rún ìka ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ibi ìtọ́jú tá a kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní ẹni tó ń rán egbò ti lọ ṣọdún. Ọ̀fà la gbé e dé kó tó rẹ́ni tọ́jú rẹ̀. Ìka náà wà, èékánná rẹ̀ kò hù mọ́. Ọkọ̀ wa kò fi ìlú yẹn sílẹ̀ títí bàbá mi fi dá owó gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà.

Tí mo bá fẹ́ jẹ́ kí ọmọ mi gun irú rẹ̀, kí ni kí n wò?

Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo irin. Láti nǹkan bí 2013 ni Iléyá ti ń bọ́ sínú òjò, ilẹ̀ tó rọ̀ ló sì ń mú òpó tẹ̀. Bí omi bá yí ẹsẹ̀ òpó ká, ẹ mú ọmọ yín lọ sídìí gúgúrú. Ẹ fetí sílẹ̀: gíríìsì kì í pariwo, irin tó ń ké lọ́jọ́ náà kò tíì rí gíríìsì. Ẹ wò ó bóyá ọ̀pá kan wà tó ń dí iwájú àpótí. Kí ẹ wo ẹni tó ń kó ọmọ wọlé, bóyá ó ń pín wọn sí méjì tàbí ó kàn ń rọ́ wọn sínú èyí tó bá ti balẹ̀. Kí ọmọ bọ́ bàtà, kó tú ìborùn tàbí gèlè tó gùn. Èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ilé rọ́bà yẹn, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí àwọn èèkàn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá pé, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́.

Kí lẹ máa ń jẹ, ibo lẹ sì ń sùn?

Inú yàrá iléèwé tí wọ́n ti tì, bí ọ̀gá iléèwé bá gbà. Abẹ́ ọkọ̀ bí kò bá gbà. Ní àsìkò ọyẹ́, irin tutù tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ta èèyàn. Oúnjẹ kì í wọ́n wa lọ́jọ́ ọdún, gbogbo ilé ló ń gbé e wá fún ọmọ àlejò. Ẹran Iléyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí èyí tí adùn rẹ̀ jọra. Ohun tí a máa ń kó kúrò ní Ìlọrin ni wàrà, tí ìyá mi á ti dín gbẹ kó má bàa kan.

Òótọ́ ni pé àwọn tó ń gbé jáńgílófà kiri máa ń jí ọmọ gbé?

Rárá. Ọmọ mẹ́rin ti pọ̀ tó nínú J5.

Ṣé iṣẹ́ tuntun ni, àbí àwọn baba wa náà ṣe é?

Irin ló jẹ́ tuntun. Ìdílé tó ń gbé ìdùnnú kiri, ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́. Àwọn alárìnjó, eégún aláré, ń ti ìlú dé ìlú kí òyìnbó tó dé ilẹ̀ wa. Nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Hugh Clapperton, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, wọ́n ṣeré fún un níwájú Aláàfin: ọ̀kan para dà di òjòlá, ọ̀kan sì jáde bí òyìnbó funfun báláú, tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná. Ọ̀yọ́ Ilé yẹn kò jìnnà sí ààlà Kwara lónìí. Agboolé ni iṣẹ́ náà wà. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ á ti máa ta òkìtì, á ti máa jó bàtá kó tó gbọ́n. Ẹgbẹ́ tíátà tí Hubert Ogunde dá sílẹ̀ ní 1945 náà, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì jọ ń wọ ọkọ̀ kiri ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń pè mí ní ọmọ aláré láti fi mí ṣẹ̀sín, mo máa ń dúpẹ́.

O ní ọ̀rẹ́?

Púpọ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan wà ní Ìgbàjà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́dọọdún láti ibi tí a ti dá a dúró ní èṣí, bíi pé mo kàn wọlé lọ mu omi ni.

Ọjọ́ wo wá ni ọdún tiyín?

Ìbéèrè yìí ni kì í sábà jáde lẹ́nu èèyàn, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Lọ́jọ́ Iléyá, tí gbogbo ọmọ wọ léèsì, aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀, gíríìsì sì wà lábẹ́ èékánná mi. Lọ́jọ́ Kérésì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìdùnnú ẹlòmíràn ni ọjà wa, èèyàn kì í sì jẹ ọjà rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ọdún, tí àwọn èèyàn bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tí ìdọ̀tí bá kún ilẹ̀, ìyá mi á mú aṣọ ọdún wa jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. A ó wọ̀ ọ́. Bàbá mi á pa adìyẹ. A ó rìn gba àárín ìlú kan tí kò sẹ́ni tó ń ṣọdún mọ́ níbẹ̀, nínú aṣọ tó ń dán, àwọn obìnrin tó ń gúnyán á sì gbójú sókè, wọ́n á bi wá pé kí ló dé, ta ló ń ṣègbéyàwó.

Ṣé iṣẹ́ náà ṣì wà?

Ó wà, ṣùgbọ́n ó ti kéré. Ní 2020 tí kòrónà dé, irin jókòó sílẹ̀, ó dípẹtà. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó epo J5 láti Ìlọrin dé Ọmù-Àrán àti àbọ̀ lè gbé èrè ọjọ́ kan lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé sì ti mú kí èèyàn má fẹ́ rìn lóru mọ́ ní àwọn ọ̀nà kan ní gúúsù Kwara, bẹ́ẹ̀ òru ni iṣẹ́ wa fi ń rìn. Ẹ̀gbọ́n mi, oníka-kan-aláìléékánná, ló ń bójú tó o báyìí. Inú Ìlọrin nìkan ló ń ṣe é, ilé rọ́bà ló sì ń mówó wá. Ó ti ta Ẹṣin fún ẹnì kan ní Ṣàárẹ̀, pẹ̀lú orí ẹṣin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọmọ tìẹ ti gun Àgbá rí?

Ẹ̀ẹ̀kan, Iléyá tó kọjá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Mo dì í mú lábẹ́ abíyá, mo fi í sílẹ̀: kílò mẹ́tàdínlógún. Mo wá ọmọ tó wúwo bíi tirẹ̀ fún àpótí tó kọjú sí tirẹ̀, kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má da ara mi láàmú, ó gbé àpò gaàrí kan síbẹ̀.